Módẹ́ẹ̀lì mi gba 98% lórí àwòrán ọpọlọ, ó wá kùnà lórí àwòrán ilé wa

ỌmọAdé_kóòdù · Ọjọ́ Ajé, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n sùn, ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí i.

Iṣẹ́ àṣekágbá máásítà mi ni kí kọ̀ǹpútà wo àwòrán MRI (èyí tí ẹ̀rọ òòfà ń yà nínú ara), kó sì sọ irú kókó tó wà nínú ọpọlọ. Dátà tí mo lò ni èyí tí Jun Cheng gbé sórí figshare, tí gbogbo ayé ń lò. (Dátà tí mò ń sọ kì í ṣe ti fóònù o, Aláriwo má bẹ̀rẹ̀.) Ègé àwòrán 3,064 ló wà níbẹ̀, láti ara aláìsàn 233, ní ilé ìwòsàn méjì ní Ṣáínà, ọ̀kan ní Guangzhou, ìkejì ní Tianjin. Kókó oríṣi mẹ́ta ni: glioma (ti inú ọpọlọ fúnra rẹ̀) 1,426, meningioma (ti awọ tó bo ọpọlọ) 708, pituitary (ti ẹṣẹ́ kékeré ìsàlẹ̀ ọpọlọ) 930. Mo da gbogbo ègé pọ̀, mo rú wọn pọ̀ dáadáa, mo fi 80% kọ́ ResNet50 (módẹ́ẹ̀lì tó ń dá àwòrán mọ̀), mo fi 20% tó kù dán an wò. Ó gba 98% àti díẹ̀. Inú ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi dùn débi pé ó ní ká kọ ọ́ ránṣẹ́ sí jọ́nà.

Wàhálà dé nígbà tí dókítà kan bá mi gba àwòrán aláìsàn mọ́kànlá ní ilé ìwòsàn kan nílé níbí. Wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n sì ti yọ orúkọ kúrò. Mẹ́rin péré ni módẹ́ẹ̀lì mi gbà nínú mọ́kànlá! Èyí tó dùn mí jù ni ti ẹnì kan tí kò ní kókó kankan lórí. Módẹ́ẹ̀lì ní pituitary ni, ó sì dá a lójú 99%.

Ṣé ResNet ni kò dáa ni? Ṣé kí n gbé Vision Transformer, oríṣi módẹ́ẹ̀lì mìíràn? Oṣù méjì ló kù tí màá gbèjà iṣẹ́ yìí níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n.

Aláriwo · 9:20 alẹ́

98%! Ìwọ náà ti wọ ẹgbẹ́. Kò sí ẹni tó rí Google Colab lò lọ́fẹ̀ẹ́ tí kò tíì gba 98 lórí dátà yẹn. Fi ìdí mọ́lẹ̀, àwọn àgbà ń bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Leeds · 10:47 alẹ́

Àbúrò, fi ResNet sílẹ̀, kò ṣẹ̀ ọ́. Módẹ́ẹ̀lì rẹ rí expo ni.

Gbọ́ ná. Pín 3,064 sí ọ̀nà 233, bí ègé 13 ló máa kan aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Ègé búrẹ́dì ni kó o fi wò ó. Ẹni tó ti rí ègé kẹfà àti ìkẹjọ, ṣé ìkeje máa ṣàjèjì sí i? Nínú dátà yẹn, ègé kọ̀ọ̀kan nípọn tó 6 mm, àlàfo 1 mm ló sì wà láàárín wọn. Kókó kan náà ló ń yọjú nínú ègé tó tẹ̀ léra, pẹ̀lú egungun agbárí kan náà àti ẹyinjú kan náà. Nígbà tó o rú gbogbo rẹ̀ pọ̀, ègé mẹ́wàá lára ẹnì kan bọ́ sọ́dọ̀ ìkọ́ni, mẹ́ta lára ẹni yẹn kan náà bọ́ sọ́dọ̀ ìdánwò. Módẹ́ẹ̀lì ò kọ́ bí glioma ṣe ń rí. Orí lágbájá ló kọ́ sórí.

Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́. Lọ́dún 2020, àwọn olùwádìí méjì ní Belgrade fi dátà yìí gan-an dán an wò lọ́nà méjèèjì. Nígbà tí wọ́n pín in ní ègé-ègé, wọ́n gba 96% àti díẹ̀. Nígbà tí wọ́n pín in ní ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò tó 90% mọ́. Nẹ́tíwọ̀kì kan náà o, àwòrán kan náà.

Èyí tó máa dùn ọ́: Cheng alára ti bá ọ ṣe iṣẹ́ yìí. Nígbà tí wọ́n ṣe tiwọn lọ́dún 2015, aláìsàn ni wọ́n pín sọ́nà márùn-ún, wọn ò pín ègé. Fáìlì kan wà nínú fólídà tó o gbà wálẹ̀, cvind.mat lorúkọ rẹ̀. O ò ṣí i, àbí?

ỌmọAdé_kóòdù · 10:58 alẹ́

Mi ò ṣí i sà. 😭

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa mọ aláìsàn tó ni ègé kọ̀ọ̀kan? Mo ti sọ gbogbo ẹ̀ di PNG.

Ẹ̀gbọ́n_Leeds · 11:06 alẹ́

PNG ló pa ọ́ yẹn. Nígbà tó o sọ ọ́ di PNG, orúkọ ẹni tó ni orí jábọ́. Padà sí .mat. scipy ò ní lè ṣí i, nítorí irú MATLAB v7.3 ni, h5py ni kó o lò. Nọ́ńbà aláìsàn wà nínú PID, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì fi pamọ́ bíi nọ́ńbà:

`pid = ''.join(chr(c) for c in f['cjdata']['PID'][:].flatten())`

Tó o bá ti rí i, gbé StratifiedGroupKFold inú scikit-learn (òun ló ń jẹ́ kí gbogbo ègé ẹnì kan wà lápá kan náà), fi pid sí groups. Ó parí. Tó o bá fẹ́ yí àwòrán po tàbí dà á kọ láti sọ dátà di púpọ̀, lẹ́yìn ìpín ni kó o ṣe é o. Mo ti rí ẹni tó ṣe é ṣáájú, tí ẹ̀dà àwòrán kan náà wá wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì.

Má sì jẹ́ kí ojú tì ọ́ jù. Àwọn olùwádìí kan ní Paris yẹ àwọn iṣẹ́ tí wọ́n fi CNN (irú módẹ́ẹ̀lì tí ResNet wà lára wọn) ṣe lórí àrùn Alzheimer wò lọ́dún 2020, wọ́n ní ó ju ìdajì wọn lọ tó ṣeé ṣe kí ìdánwò ti jò sínú ìkọ́ni báyìí. Àwọn tó ní owó àti GPU nìyẹn.

NídìíMRI · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:31 àárọ̀

Mo ń lọ síbi iṣẹ́, mo ní kí n dá sí i kí n tó wọ mọ́tò. Ọdún kejìlá rèé tí mo ti ń ya àwòrán nídìí MRI.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ dáa, ṣùgbọ́n ó ku apá kan. ỌmọAdé, àwọn mọ́kànlá yẹn, ṣé wọ́n gba abẹ́rẹ́ gadolinium kí wọ́n tó yà wọ́n? T1 (oríṣi àwòrán MRI kan) lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni gbogbo dátà Ṣáínà yẹn. Abẹ́rẹ́ ló ń jẹ́ kí etí kókó tàn yòò. Níbi tiwa, owó ọ̀tọ̀ ni abẹ́rẹ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ fún mi pé, “Ẹ bá wa ya èyí tí kò ní abẹ́rẹ́, dókítà á fara mọ́ ọn.” Tí wọn ò bá gbà á, ohun tí módẹ́ẹ̀lì rẹ ń wò kò sí níbẹ̀ rárá. Ńṣe ló dà bí ẹni tí wọ́n kọ́ láti fi aró dá aṣọ mọ̀, tí o wá kó kíjìpá funfun fún un.

Agbára òòfà tún ńkọ́? 3 Tesla yàtọ̀ sí 1.5, 1.5 sì yàtọ̀ pátápátá sí àwọn tó wà ní 0.3 tàbí 0.2, tó ṣì pọ̀ lọ́wọ́ wa. Bí òòfà bá ṣe kéré tó ni àwòrán á ṣe ní ìrúkèrúdò tó. Láti dín in kù, a máa ń jẹ́ kí ègé nípọn sí i, tàbí ká jẹ́ kí aláìsàn pẹ́ sí i nínú ẹ̀rọ, ẹni tí orí ń fọ́ ò sì lè dúró jẹ́ẹ́.

Kí n má gbàgbé irun. Ìyá á ní òun ti yọ gbogbo irin ara òun, kílíìpù kékeré kan á wà lábẹ́ wíìgì. Ihò dúdú tó máa yọ nínú àwòrán yẹn, ẹ ó rò pé eku ti jẹ ọpọlọ lápá kan. Kò sí ìyẹn nínú dátà yín.

ÌyáÀwòrán · 8:02 àárọ̀

NídìíMRI, o ṣeun. Ẹni tó ń ka àwòrán yìí fún àwọn dókítà ni mí, ẹ jẹ́ kí n bínú díẹ̀.

ỌmọAdé, o bi módẹ́ẹ̀lì ní ìbéèrè tí kò ní ìdáhùn tòótọ́. O kọ́ ọ ní nǹkan mẹ́ta. Ohunkóhun tó o bá gbé síwájú rẹ̀, ọ̀kan nínú mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ mú, torí iye tí softmax (ìṣirò ìparí nínú módẹ́ẹ̀lì) ń pín fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ pé 1. Gbé àwòrán ìṣasùn ẹ̀fọ́ fún un, á ní meningioma ni. Ẹni tí ara ẹ̀ dá, níbo ni kó gbé e sí? 99% yẹn kì í ṣe ìdánilójú, kò ní ibòmíràn tó máa lọ ni.

Iṣẹ́ tiwa gan-an kì í sì í ṣe kí a mọ glioma yàtọ̀ sí pituitary. Pituitary jókòó sí ibi kan ṣoṣo, ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ lẹ́yìn ojú. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì á fọwọ́ tọ́ka sí i. Ohun tó ń yọ wá lẹ́nu níhìn-ín ni kókó tí kì í ṣe jẹjẹrẹ: oówo inú ọpọlọ, kókó tí ikọ́ ẹ̀gbẹ dá sílẹ̀, kókó tí kòkòrò àrùn toxoplasma dá sílẹ̀ lára ẹni tó ní HIV. Gbogbo wọn ló lè gba abẹ́rẹ́ kí etí wọn tàn bí òrùka, gẹ́lẹ́ bí glioma tó burú. Ọ̀kan ń fẹ́ iṣẹ́ abẹ, èkejì ń fẹ́ oògùn ikọ́ fún oṣù púpọ̀. Ẹni tó bá kọ́ kọ̀ǹpútà láti ya ìyẹn sọ́tọ̀, màá fi ẹsẹ̀ ara mi lọ kí i nílé.

Ọmọ_Yábàá · 8:40 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Àwọn kan ti yanjú ti ẹni tí ara ẹ̀ dá yẹn o. Dátà kan wà lórí Kaggle, àwòrán 7,023, ó ní oríṣi kẹrin tó jẹ́ “kò sí kókó”. Mo lò ó, mo gba 99.

Ẹ̀gbọ́n_Leeds · 8:55 àárọ̀

99 kẹ̀. Àbúrò Yábàá, wo ibi tí wọ́n ti kó o wá. Ti Cheng yìí kan náà wà nínú ẹ̀, ó pọ̀. Èyí tó ní “kò sí kókó”, ibòmíràn pátápátá ni wọ́n ti mú un. Fi ojú ara rẹ wò wọ́n, ọ̀tọ̀ ni bí etí àwòrán ṣe rí, ọ̀tọ̀ ni bó ṣe mọ́lẹ̀ sí. Módẹ́ẹ̀lì ò ní láti mọ kókó rárá. Tó bá ti mọ fólídà tí àwòrán ti wá, ó ti gba máàkì. Ní ti PID, wọ́n ti sọ gbogbo ẹ̀ di JPG, o ò lè mọ ẹni tó ni orí mọ́ láéláé.

Ọmọ_Yábàá · 8:57 àárọ̀

Yéè.

Aláriwo · 9:10 àárọ̀

Ẹ má pa ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ jẹ́ kí n pa yín lẹ́rìn-ín kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Ẹ ti gbọ́ ti ẹja tó kú? Lọ́dún 2009, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà ra ẹja salmon, òkú ẹja o, wọ́n tì í sínú MRI, wọ́n ń fi fọ́tò èèyàn hàn án, wọ́n ní kó sọ bí inú ẹni inú fọ́tò ṣe rí. Nígbà tí wọ́n wo èsì fMRI (MRI tó ń wo ibi tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ), ibì kan ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ ẹja! Wọ́n gba ẹ̀bùn Ig Nobel lórí ẹ̀ lọ́dún 2012. Ẹja tó yẹ ká fi se ọbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Leeds · 9:31 àárọ̀

O ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. fMRI ń gé ọpọlọ sí ẹyọ kéékèèké, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀pọ̀. Tó o bá bi ẹyọ kọ̀ọ̀kan pé “ṣé o ṣiṣẹ́?”, kò sí bí àwọn kan ò ṣe ní dáhùn “bẹ́ẹ̀ ni” lásán. Àfi kó o ṣe ìṣirò tó ń rántí pé o ti béèrè nígbà púpọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe é lórí ẹja yẹn, ó padà kú. Ohun tó ń ṣe wá nínú ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ náà nìyẹn: a dán módẹ́ẹ̀lì ogójì wò lórí ìdánwò kan ṣoṣo, a mú èyí tó ga jù, a pè é ní àwárí.

ỌmọÈkó_dátà · 1:15 ọ̀sán

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ BraTS-Africa?

BraTS ni ìdíje tí wọ́n ti ń ṣe láti 2012, kí kọ̀ǹpútà fi ìlà yí kókó glioma ká. Fún ọdún púpọ̀, àwòrán òyìnbó ló pọ̀ jù níbẹ̀. Lọ́dún 2023 ni wọ́n ṣí apá tilẹ̀ Áfíríkà. MAI Lab, ilé ìwádìí àwòrán ìṣègùn tó wà ní Èkó, wà nídìí ẹ̀, Udunna Anazodo tó ń ṣiṣẹ́ ní Montreal sì ni ọ̀kan lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Oríṣi àwòrán mẹ́rin ni fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan: T1, T1 lẹ́yìn abẹ́rẹ́, T2 àti FLAIR. Òun gan-an sì ni àwòrán tiwa, 1.5 Tesla, ègé tó nípọn, irú ohun tí NídìíMRI kà sílẹ̀ yẹn.

Ẹ wo ìyàtọ̀ náà: ti àgbà tó ní glioma, aláìsàn 1,251 ni wọ́n kó sílẹ̀ fún ìkọ́ni. Ti Áfíríkà, 60. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jáde, aláìsàn 146, glioma 95, kókó mìíràn 51. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á kọ́kọ́ fi 1,251 kọ́ nnU-Net (módẹ́ẹ̀lì tó ń fa ìlà yí kókó ká), wọ́n á wá fi 60 bọ́ ọ díẹ̀ sí i kí ojú ẹ̀ mọ́ àwòrán ilé. Wọ́n tún ní ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ń pè ní SPARK fún àwọn ọ̀dọ́ bíi tìrẹ.

ỌmọAdé, màá gbà ọ́ nímọ̀ràn pé kó o fi “irú kókó wo ni” sílẹ̀, kó o lọ sí “níbo ni kókó wà”. Ìlà tí kọ̀ǹpútà bá fà, dókítà lè wò ó kó ní “irọ́ nìyí”. Orúkọ lásán ò ṣeé yẹ̀ wò.

ÌyáÀwòrán · 1:40 ọ̀sán

Mo fọwọ́ sí gbólóhùn ìparí yẹn.

ỌmọÌdíkàn · 4:22 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jẹ́ kí ọmọ Ìbàdàn náà sọ tiẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan ló ń yàtọ̀, èèyàn náà ń yàtọ̀. Láti 1992 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ lé àwọn àgbà tó ti pé 65 ní Ìdíkàn, pẹ̀lú àwọn Aláwọ̀ Dúdú ní Indianapolis. Èsì tó jáde nínú jọ́nà ìṣègùn JAMA lọ́dún 2001 fi hàn pé iye àwọn tí Alzheimer ń bẹ̀rẹ̀ sí mú lọ́dún jẹ́ 1.15% ní Ìbàdàn, 2.52% ní Indianapolis. Apilẹ̀ àbùdá APOE ε4 tí wọ́n gbà pé òun ló ń fà á jù, kò lágbára bẹ́ẹ̀ lára àwọn Yorùbá yẹn. Ní báyìí, wọ́n ń kọ́ kọ̀ǹpútà láti sọ “ọjọ́ orí ọpọlọ” pẹ̀lú dátà UK Biobank ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí aláwọ̀ funfun ti ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lọ. Tí ẹ bá gbé ọpọlọ màámá mi síwájú ẹ̀, tó ní ó ti dàgbà jù, ta ni ká gbà gbọ́?

NídìíMRI · 7:50 alẹ́

Nǹkan kan tún ń jẹ mí lọ́kàn. ỌmọAdé ní wọ́n ti yọ orúkọ kúrò. Ojú ńkọ́? Tí àwòrán bá jẹ́ odindi orí, a lè fi kọ̀ǹpútà mọ ojú náà padà, imú, ẹnu, gbogbo ẹ̀. Mayo Clinic ṣe é lọ́dún 2019: èèyàn 84, ẹ̀rọ ìdánimọ̀ ojú fi fọ́tò lásán dá 70 mọ̀. Fi pydeface gé ojú kúrò kó o tó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òfin dátà ti 2023 wà nílẹ̀ ní Nàìjíríà, kì í ṣe àwàdà.

ỌmọAdé_kóòdù · Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, 10:03 alẹ́

Ẹ̀yin àgbà, mo dé.

Mo ti pín in ní ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó wálẹ̀ láti 98 sí 87. Èsì náà kì í sì í dúró sójú kan: nínú ìpín kan 82, nínú òmíràn 91. Mo ṣírò ó, ìpín kọ̀ọ̀kan ò ju aláìsàn 47 lọ, ẹnì kan ṣoṣo ti tó 2%. Ọ̀gá mi ò dùn sí i. Ó ní ta ni máa ka jọ́nà tó ní 87 nígbà tí gbogbo èèyàn ń gba 99. Mo fi iṣẹ́ Belgrade yẹn hàn án, ó dákẹ́, ó ní ká kọ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

NídìíMRI, ẹ bi mí nípa abẹ́rẹ́. Ẹ wò ó, mẹ́fà nínú mọ́kànlá ni kò gbà á.

Ẹ̀gbọ́n_Leeds · 10:15 alẹ́

87 tó o lè búra lé lórí. O ṣeun, àbúrò. Méjèèjì yẹn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn gan-an ni iṣẹ́ rẹ báyìí.

ỌmọAdé_kóòdù · 10:21 alẹ́

Ẹ ṣé sà. Nǹkan kan tún ṣẹlẹ̀. Nígbà tí mò ń to àwọn mọ́kànlá yẹn, mo rí méjì tí ihò iṣẹ́ abẹ wà ní ibì kan náà lórí egungun agbárí wọn, ó rí bákan náà gẹ́lẹ́. Nọ́ńbà wọn yàtọ̀. Mo bi dókítà, ó lọ wo rẹ́jísítà. Ẹnì kan náà ni. Oṣù mẹ́jọ ló wà láàárín àwòrán méjèèjì.

NídìíMRI · 10:34 alẹ́

Káàdì rẹ̀ ló sọnù, wọ́n ya tuntun fún un. Ó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Nítorí náà, tó o bá tún ń gba àwòrán ní ilé ìwòsàn, má gba nọ́ńbà káàdì nìkan. Sọ fún wọn kí wọ́n fi ọjọ́ ìbí àti orúkọ ìyá bá ọ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọ̀ tiwọn kí wọ́n tó yọ gbogbo rẹ̀ kúrò.

ỌmọAdé_kóòdù · 10:36 alẹ́

Mọ́kànlá ti di mẹ́wàá nìyẹn. Mo ń lọ tún tábìlì kẹta inú iṣẹ́ mi ṣe.